Asunkún-ju-Ọlọ́kùú: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ọgọ́rùn-ún Dúdú ní Rọ́ṣíà?

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1917, ọkùnrin méjì tó ti Petrograd, olú ìlú Rọ́ṣíà (St Petersburg ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), wá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Pskov. (Kàlẹ́ńdà àtijọ́ Rọ́ṣíà ni mo ń lò o, ọjọ́ 13 ló fi wà lẹ́yìn tiwa.) Nicholas Kejì, ọba Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Tsar, ni wọ́n wá bá nínú ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀, ìtẹ́ ni wọ́n sì wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gágun ti bá ọba sọ ọ́ láti ọ̀sán, nítorí náà àríyànjiyàn kò pọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ni Alexander Guchkov, olóṣèlú kan tí ọba àti ayaba kò fẹ́ fojú rí. Ìyẹn yéni. Èkejì ni Vasily Shulgin, ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé Rọ́ṣíà kò lè dúró láìlọ́ba.

Ẹni tó fẹ́ràn ọba ló wá ṣí adé lórí ọba. Níbo wá ni àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ọgọ́rùn-ún Dúdú, tó ti ń pariwo láti ọdún 1905 pé àwọn á kú nítorí Tsar, wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìparí ìjọba àwọn Tsar, Lenin àtàwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn Bolshevik, ni gbogbo wa ń sáré lọ bá. Àwọn tó wà ní òdìkejì, ní apá ọ̀tún, kì í sábà rí ẹni dárúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ “apá ọ̀tún” palẹ̀, torí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá, ní 1789, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ti ọba nínú ilé ìgbìmọ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún alága, tí àwọn tó fẹ́ àyípadà sì kó ara wọn sí ọwọ́ òsì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí ohun àtijọ́ má yí padà, apá ọ̀tún la ń pè é. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà nínú wọn. Ọ̀kan ní kí a má fọwọ́ kan ilé bàbá wa. Èkejì ní ilé yìí kì í ṣe ilé bàbá wa mọ́, àjèjì ti bà á jẹ́, ẹ jẹ́ ká wó o ká lè kọ́ ti bàbá wa padà; ilé tó sì ń wí yìí, ojú àlá ló ti rí i. Ti èkejì yìí ni ìtàn wa, àwọn alápá-ọ̀tún tó le débi pé àdá wà lọ́wọ́ wọn.

Agbára tí wọ́n fẹ́ dá padà fún Tsar kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Kábíyèsí ni: ká bi yín kò sí. Òfin Rọ́ṣíà kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé agbára Tsar kò ní ààlà, àti pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí a gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní tiwa, a ń kí ọba bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Mèsì wà nílẹ̀ tó lè gbé igbá fún Aláàfin. Tsar kò ní Ọ̀yọ́ Mèsì kankan títí di 1905.

Ọdún 1905 ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Japan ń na Rọ́ṣíà lógun. Ní oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà rì sómi ní Tsushima, lẹ́bàá Japan, bí òkúta. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé àwòrán àwọn ẹni mímọ́ àti àwòrán ọba dání, tí àlùfáà Gapon ṣáájú wọn, lọ bẹ Tsar ní ààfin ní St Petersburg. Ìbọn ni àwọn ọmọ ogun fi dá wọn lóhùn. Èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ìyanṣẹ́lódì ti gba gbogbo ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò rìn mọ́. Sergei Witte, tó di olórí àwọn mínísítà, sọ fún ọba pé ọ̀nà méjì péré ló kù: kí ó fún àwọn ènìyàn lómìnira, tàbí kí ó wá ọ̀gágun tí yóò fi ìbọn tẹ gbogbo wọn ba. Ọba mú ti àkọ́kọ́. Ìkéde ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ṣèlérí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, òmìnira ẹgbẹ́ dídá sílẹ̀, àti ilé aṣòfin tí wọ́n ń pè ní Duma.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde wá jó sí ojú títì. Àwọn mìíràn sì sunkún. Lójú àwọn wọ̀nyí, ọba tí Ọlọ́run fi jẹ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ agbára ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ló fipá mú un. Ta ni? Wọn kò wá ìdáhùn jìnnà: àwọn Júù ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àti àwọn mínísítà bíi Witte tí wọ́n ti ta ara wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, dókítà àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Alexander Dubrovin dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ènìyàn Rọ́ṣíà sílẹ̀ ní St Petersburg. Òun nìkan kọ́. Vladimir Gringmut, olóòtú ìwé ìròyìn ní Moscow, ti dá ẹgbẹ́ ọlọ́ba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Láti Jámánì ni ìdílé Gringmut ti wá. Vladimir Purishkevich, tí ariwo rẹ̀ yóò pọ̀ jù ti gbogbo wọn lọ, ọmọ Bessarabia ni, ẹ̀jẹ̀ Moldova sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ igbe “Rọ́ṣíà fún ọmọ Rọ́ṣíà”.

Ní ti orúkọ “Ọgọ́rùn-ún Dúdú”, kò kan àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni. Ní Rọ́ṣíà ayé àtijọ́, “dúdú” ni wọ́n ń pe mẹ̀kúnnù tó ń san owó orí, “ọgọ́rùn-ún” sì ni ọ̀wọ́ tí wọ́n pín àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sí. Àwọn ọ̀tá wọn ló kọ́kọ́ fi bú wọn ní 1905, bí ẹni ń sọ pé “ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìnkùlé”. Gringmut ní kò burú, àwọn gbà á, torí mẹ̀kúnnù bẹ́ẹ̀ ló gba Moscow sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Poland ní 1612. Bí ọ̀rọ̀ èébú ṣe di oríkì nìyẹn.

Ta ló wà nínú ẹgbẹ́ náà? Àwọn onílẹ̀ ńlá ló máa ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn tó kún ibẹ̀ ni oníṣọ́ọ̀bù kékeré, akọ̀wé, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ ojú irin, àti àlùfáà ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì lóríṣiríṣi. Ní agbègbè Volhynia, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ukraine òní, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ilé Pochaev máa ń kọ orúkọ gbogbo abúlé sínú ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ tó kọ orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó gbọ́ pé ẹgbẹ́ yìí máa bá àwọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ ará Poland. Nínú ìlú, ẹgbẹ́ ní ilé tíì tirẹ̀, níbi tí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lè mu tíì gbígbóná kí ó sì gbọ́ ẹni tí òṣì rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn fúnra wọn ní àwọn tó mílíọ̀nù 3. Ìṣirò àwọn ọlọ́pàá ní 1907 sí 1908 sún mọ́ 400,000. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré: kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ní Rọ́ṣíà nígbà náà tó ní ọmọ ẹgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́. Dubrovin àtàwọn ènìyàn rẹ̀ kórìíra ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Wọ́n ní Duma jẹ́ ìríra lójú Ọlọ́run, wọ́n sì du ipò nínú Duma. Nínú Duma àkọ́kọ́, ní 1906, wọn kò rí ìjókòó kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí ìjọba yí òfin ìdìbò padà ní oṣù Kẹfà 1907 kí ìbò àwọn onílẹ̀ lè wúwo ju ti àgbẹ̀ lọ, wọ́n wọlé dáadáa, Purishkevich sì sọ ibẹ̀ di ojú agbo: ó bú tibí, ó bú tọ̀hún, àìmọye ìgbà ni wọ́n ní kí ó jáde. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí agbára ọba kò bá ní ààlà lóòótọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni tì í lẹ́yìn. Ọba tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ ti gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé òun dúró.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé ṣé ọba ló dá wọn sílẹ̀. Rárá, ṣùgbọ́n kò lé wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1905, ó gbà wọ́n lálejò ní ààfin, ó sì gba báàjì ẹgbẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ rẹ̀ Alexei, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì ní ìgbà náà. Ní 1907, lọ́jọ́ kejì tí ó tú Duma kejì ká, ó tẹ wáyà sí Dubrovin pé kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ òpómúléró fún òun. Owó abẹ́lẹ̀ ń jáde fún wọn láti ọ́fíìsì mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pàápàá fún ìwé ìròyìn wọn. Ẹ wá wo ìyókù: Pyotr Stolypin, olórí àwọn mínísítà láti 1906, ló ń na owó náà, òun sì ni ìwé ìròyìn Dubrovin ń bú, torí ó fẹ́ bá Duma ṣiṣẹ́. Lójú Dubrovin, ọba dára, ọba kò mọ̀, àwọn tó yí i ká ló ń tàn án. Ẹni tó bá ti gba èyí gbọ́, kò sí mínísítà tí kò ní di ọ̀dàlẹ̀ lójú rẹ̀. Witte, ọ̀dàlẹ̀. Stolypin, ọ̀dàlẹ̀. Ọba tí wọ́n sì ń sìn nínú ọkàn wọn yìí kì í ṣe Nicholas. Bí Nicholas bá ṣe ohun tí wọn kò fẹ́, wọ́n á ní kì í ṣe òun ló ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Níbí ni kí a ti fara balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń da ọjọ́ pọ̀. Lẹ́yìn ìkéde oṣù Kẹwàá 1905, jàǹdùkú kọlu àwọn Júù ní ìlú àti abúlé púpọ̀ ní gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Pogrom ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Ní Odessa nìkan, Júù tó lé ní 400 kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ Dubrovin kò tíì sí nígbà náà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n dá a sílẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kan ní olú ìlú tó pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé pátákó lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ló wá gba káàdì ẹgbẹ́ lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá tó sì ń wò wọ́n níran lọ́jọ́ yẹn kò padà mú wọn.

Àwọn tí a mọ̀ pé ọwọ́ wọn wà ńkọ́? Mikhail Herzenstein, aṣòfin tó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dunjú, wọ́n yìnbọn pa á ní Terijoki ní Finland ní oṣù Keje 1906. Ilé ẹjọ́ Finland ní kí Dubrovin wá jẹ́jọ́. Dubrovin sá lọ sí Yalta, kò sì sí ẹni tó fà á kalẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1907, wọ́n rí bọ́ǹbù nínú ihò èéfín ilé Witte. Aago rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta, Grigory Iollos, oníròyìn tó tún ti jẹ́ aṣòfin, kú ní títì ní Moscow. Ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀, Kazantsev, kò fọwọ́ ara rẹ̀ pa Iollos o. Ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan, ó pe ara rẹ̀ ní ajìjàgbara apá òsì, ó ní Iollos ti jí owó ìjà. Nígbà tí ọmọ náà gbọ́ nínú ìwé ìròyìn pé ẹni rere lòun pa, ó pa Kazantsev náà. Bí mo bá ka ibí yìí, mo máa ń dúró díẹ̀. Kazantsev mọ̀ dájú pé bí òun bá wí orúkọ Ọgọ́rùn-ún Dúdú, òṣìṣẹ́ yẹn kò ní tẹ̀lé òun.

Irọ́ wọn pẹ́ láyé ju ìbọn wọn lọ. Ní oṣù Kẹrin 1903, ní Kishinev, ìwé ìròyìn Pavel Krushevan, tó di ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn náà, kọ ọ́ pé Júù ló pa ọmọ Kristẹni kan. Júù 49 ló kú nínú ìkọlù tó tẹ̀lé e. Lọ́dún kan náà, Krushevan tún tẹ ìwé kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní St Petersburg, èyí tó ní àwọn àgbà Júù ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀ láti gba ayé. Ìwé tí wọ́n wá ń pè ní “Protocols” nìyẹn. Ní 1921, ìwé ìròyìn The Times ti London fi hàn pé inú ìwé Faransé kan tó jáde ní 1864 ni wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Napoleon Kẹta ni ìwé Faransé yẹn ń bú. Kò mẹ́nu kan Júù. Mo ṣì ń rí i lórí WhatsApp tiwa pẹ̀lú gbólóhùn “ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹ mọ̀”.

Ẹjọ́ Kiev ló fi wọ́n hàn kedere. Ní oṣù Kẹta 1911, wọ́n rí òkú ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 13 kan, Andrei Yushchinsky, nínú ihò òkúta, ojú ọ̀bẹ kún ara rẹ̀. Níbi ìsìnkú ọmọ yẹn ni wọ́n ti ń pín ìwé pé Júù ló pa á láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe búrẹ́dì Ìrékọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Vladimir Golubev, tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Idì Olórí Méjì, kò fi ìjọba lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi tọ ọ̀rọ̀ náà dé ilé obìnrin kan tó ń gba ẹrù olè, Vera Cheberyak, ìyá ọ̀rẹ́ ọmọ tó kú náà. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn ló bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí wọ́n mú ni Mendel Beilis, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ bíríkì, Júù tó wà nítòsí. Ó lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Ivan Shcheglovitov, mínísítà ètò ìdájọ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1913, ìwé ìròyìn Kievlyanin kọ ọ̀rọ̀ tó mú gbogbo ènìyàn lanu. Ìwé ìròyìn ọlọ́ba ni, kò fẹ́ràn Júù rí, kò sì fi pamọ́. Ó ní ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ojú ń ti òun fún ilé ẹjọ́ Rọ́ṣíà. Ìjọba kó ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn kúrò lọ́jà. Ta ló kọ ọ́? Vasily Shulgin, ẹni tí a bá pàdé ní Pskov. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un. Ìjọba sì ti rí i pé àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú àwọn ará ìlú tí yóò dá ẹjọ́ Beilis. Wọ́n rò pé àgbẹ̀ á gba ohun tí wọ́n bá wí gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ yẹn ní Beilis kò jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà pé ilé iṣẹ́ bíríkì ni wọ́n ti pa ọmọ náà, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n Beilis lọ sílé. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Palestine, ó sì ti ibẹ̀ lọ Amẹ́ríkà.

Ní àkókò yìí, ẹgbẹ́ náà ti fọ́. Purishkevich ti bá Dubrovin jà, ó dá Ẹgbẹ́ Máíkẹ́lì Olú-Áńgẹ́lì sílẹ̀. Nikolai Markov, onílẹ̀ kan láti Kursk, gba ẹgbẹ́ mọ́ Dubrovin lọ́wọ́; Dubrovin dá òmíràn sílẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ìjà owó wà níbẹ̀, ìjà ipò wà níbẹ̀. Ìjọba sì ń pín owó abẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ràn jù, èyí tó tún fọ́ wọn sí i. Nígbà tó fi di 1916, ìṣirò ọlọ́pàá fún gbogbo wọn pọ̀ kò ju nǹkan bí 45,000 lọ.

Ẹnì kan wà ní apá ọ̀tún tí kò sí lára àwọn onípátákó, tí mo sì rò pé orí rẹ̀ pé jù wọ́n lọ. Pyotr Durnovo, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé tẹ́lẹ̀, kọ ìwé sí ọba ní oṣù Kejì 1914. Ó ní kí Rọ́ṣíà má bá Jámánì jagun, pé bí ogun bá le, wọ́n á di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba, àwọn ọmọ ogun tó ti pàdánù ogun á fẹ́ lọ pín ilẹ̀, àwọn olóṣèlú tó rò pé àwọn lè darí àwọn ènìyàn kò ní lè darí wọn, rúdurùdu tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí yóò parí sí yóò sì dé. Ó kú ní 1915. Kò rí i bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹ.

Ogun dé. Òkú ń wá sílé, oúnjẹ wọ́n, ayaba tó jẹ́ ọmọ Jámánì wà láàfin, Rasputin, àgbẹ̀ kan tó ń ṣe bí wòlíì, sì wà létí rẹ̀. Ó kan ẹni tó ti ń sọ fún ọdún 11 pé àwọn tó yí ọba ká ni ọ̀dàlẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá 1916, Purishkevich dìde nínú Duma, ó ní agbára òkùnkùn ti gba ìjọba, ó sì bẹ àwọn mínísítà kí wọ́n lọ kúnlẹ̀ níwájú ọba kí wọ́n sọ òtítọ́ fún un. Àwọn alápá-òsì tó ń bú u tẹ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lóru ọjọ́ 16 mọ́jú ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, nínú ilé ọlọ́lá kan, Felix Yusupov, létí odò Moika, Purishkevich wà lára àwọn tó pa Rasputin, ìbọn sì dún lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Ó rò pé òun gba ọba là. Ohun tí gbogbo ìlú rí ni pé ọ̀rọ̀ tí ọlọ̀tẹ̀ ń sọ nípa ààfin, àwọn ọlọ́ba náà ti fọwọ́ sí i.

Ní oṣù Kejì 1917, àwọn obìnrin tó ń wá búrẹ́dì, àwọn òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ogun inú Petrograd, kún ojú títì. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó jáde wá gba ìtẹ́ sílẹ̀. Owó ìjọba dáwọ́ dúró, ẹgbẹ́ dáwọ́ dúró. Ìwé ìròyìn Dubrovin di ohun tí wọ́n fòfin dè, wọ́n sì mú òun fúnra rẹ̀. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí jó, kò sẹ́ni tó bù omi.

Àwọn Bolshevik yìnbọn pa Shcheglovitov ní 1918, wọ́n pa Dubrovin ní 1921. Ibà typhus ló pa Purishkevich ní Novorossiysk ní 1920. Markov sá lọ sí Jámánì, ó bá àwọn Nazi ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Júù tí kò yé sọ. Inú ẹrù àwọn tó sá bíi tirẹ̀ ni “Protocols” gbà dé ibẹ̀. Shulgin náà sá, àwọn ọmọ ogun ìjọba Bolshevik sì rí i mú ní Yugoslavia nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí, wọ́n tì í mọ́lé ní ìlú Vladimir títí di 1956. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ìlú yẹn náà ló ń gbé, lábẹ́ ìjọba àwọn tó pa ọba rẹ̀. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1976, lẹ́ni ọdún 98.